Bátìrì Ni Kí Á Kọ́kọ́ Bèèrè

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Òwe àwọn baba wa ni, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan nínú ọgbà yìí tí kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo irú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń fi owó òógùn àwọn òbí wa rà, a óò rí i pé etí lásán ni a fi gbọ́ òwe náà, kò dé ọkàn wa. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa dán lórí tábìlì bí abẹ tuntun. Kí olùkọ́ tó parí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ti ṣú. Ẹni tí ó ni ín yóò wá máa rìn kiri bí adìẹ tí ó ń wá ibi tí yóò yé sí, yóò máa wo ara ògiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bóyá yóò rí ihò kan tí yóò ti wáyà rẹ̀ bọ̀. Bí ó bá rí ihò, iná lè má sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ní àdììtú nínú. Èrò mi ni pé nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ wa yìí, bátìrì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè, kí ó tó bèèrè orúkọ, kí ó tó bèèrè àwọ̀, kí ó tó bèèrè bí ó ti fẹ́lẹ́ tó. Èrò mi kejì ni pé ẹni tí ó bá ra bátìrì rere tí kò sì mọ ìtọ́jú rẹ̀, ajere ni ó ń fi pọn omi.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ bátìrì. Ó kàn án gidigidi. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ọgbà yìí, díẹ̀ ni ó ń rin ìrìn àjò ìwádìí bí àwa ti ń rìn ín. Àwa ni à ń lọ bá ọdẹ nínú abà rẹ̀ kí ó lè sun ìjálá fún wa. Àwa ni à ń jókòó ti ìyá àgbà tí ó ṣì rántí ẹkún ìyàwó àti oríkì orílẹ̀ bí wọ́n ti ń kì í kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ìlú rẹ̀. Ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, inú kọ̀ǹpútà ni a ó ti dà á kọ, ibẹ̀ ni a ó ti fi àmì ohùn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ìjálá wákàtí kan lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí a tó dà á kọ tán, nítorí a óò gbọ́ ọ, a óò dá a padà, a óò tún gbọ́ ọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kú ní gbogbo ogójì ìṣẹ́jú, nígbà wo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò parí? Àgbà tí ó bá wa sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí mọ́ nígbà tí a bá padà lọ bi í ní ìbéèrè ní ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ ogún àwọn baba wa ni.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa mẹ́rin lọ sí abúlé kan fún iṣẹ́ báyìí. Èmi kò ní kọ̀ǹpútà nígbà náà, ìwé àti bíírò ni mo kó dání. Àwọn mẹ́ta yòókù gbé kọ̀ǹpútà lọ. Méjì nínú wọn fẹ́lẹ́ bí ewé, wọ́n ń dán bí dígí. Ìkẹta dúdú, ó nípọn, ó ti lò lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó dé ọwọ́ ọmọbìnrin tí ó ni ín, bíríkì ni a sì ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí iná ní abúlé náà láti ọjọ́ pípẹ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, méjì tí ó fẹ́lẹ́ náà ti dákẹ́. Bíríkì ni ó gba ohùn gbogbo tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pamọ́, òun náà ni a sì fi ṣe àtúnyẹ̀wò rẹ̀ lójú àwọn àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ náà, n kò tún gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní bíríkì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ nípa iná. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba ti fà pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ti yí láti NEPA sí PHCN, ó sì ti yí kúrò ní PHCN sí oríṣiríṣi orúkọ mìíràn, síbẹ̀ NEPA náà ni ẹnu wa ṣì ń pè, nítorí ìwà náà kò yí padà tó bí orúkọ ti yí. Ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti orísun rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sá lọ bá jẹnẹrétọ̀, epo bẹntiróòlù ń dúró dè é, èyí tí owó rẹ̀ fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun ìyanu kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n ń pè ní Band A sókè, láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí yúníìtì kan. Ariwo ta, ó sì yẹ kí ó ta. Síbẹ̀, bí a bá fi iye ọ̀wọ́n náà ṣe ìṣirò, bátìrì kọ̀ǹpútà tí ó gba 50 Wh kò gbà ju ìdá kan nínú ogún yúníìtì lọ kí ó tó kún. Èyí jẹ́ nǹkan bí 11 náírà. Bí a bá tilẹ̀ ka èyí tí ó ń ṣòfò sínú ooru ṣájà mọ́ ọn, kò lè pé 20 náírà. Kì í ṣe iná ni ó wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, àìsí iná ní àsìkò tí a nílò rẹ̀ ni ó wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè bá wa mú iná ìgbà tí ó wà pamọ́ de ìgbà tí kò sí ni bátìrì. Bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká de ọ̀gbẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ìtàn kọ̀ǹpútà alágbèéká fúnra rẹ̀ ń gbè mí lẹ́yìn. Ní ọdún 1981, wọ́n gbé Osborne 1 jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó ṣe é gbé rìn. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò 11, kò sì ní bátìrì nínú. Ibi tí ihò iná bá wà ni ó ti lè ṣiṣẹ́. Ó ṣe é gbé rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù lásán ni lójú ọ̀nà. Ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé bátìrì lithium-ion jáde fún títà, irú bátìrì yìí ni ó sì wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà wa títí di òní. Iṣẹ́ náà níyì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místírì ní ọdún 2019. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà náà. Bí ayé bá lè fi irú ọlá báyìí fún àwọn tí ó ṣe bátìrì, kí ló dé tí àwa tí a nílò rẹ̀ jù kò fi í bèèrè rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọjà? Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ bátìrì kúrò, kí ni ó kù nínú orúkọ tí ń jẹ́ alágbèéká?

Ó yá, báwo ni a ṣe ń yan kọ̀ǹpútà?

Ekíní, ẹ wo ìwọ̀n bátìrì. Ní ara bátìrì tàbí nínú ìwé àlàyé kọ̀ǹpútà, a óò rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà Wh tẹ̀ lé. Ìyẹn ni ìwọ̀n agbára tí ó lè gbà, bí a ti ń sọ pé kẹ́ẹ̀gì yìí gba lítà 25. Bí ó bá jẹ́ V àti mAh ni wọ́n kọ, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in. Bátìrì tí ó bá jẹ́ 11.4 V àti 4,000 mAh, 45.6 Wh ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọwọ́ wa ni ó wà láàárín 40 sí 60. Kẹ́ẹ̀gì tí ó bá kéré, bí ẹni tí ó gbé e bá tilẹ̀ mọ omi ín ṣún lò, yóò tètè gbẹ.

Ìkejì, ẹ wo bí kọ̀ǹpútà náà ti jẹun tó. Bátìrì 50 Wh nínú ẹ̀rọ tí ó ń jẹ wáàtì 10 yóò lo wákàtí 5. Bátìrì kan náà nínú ẹ̀rọ tí ó ń jẹ wáàtì 25 kò ní kọjá wákàtí 2. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà eré orí ẹ̀rọ tàn yín jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, púrósẹ́sọ̀ Intel tí lẹ́tà U bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, nǹkan bí wáàtì 15 ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí H bá wà lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí wáàtì 45. Ẹni tí ó fẹ́ ya àwòrán inú sinimá lè nílò H. Ẹni tí ó fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lórí fonọ́lọ́jì, U ti tó o. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí ilé-iṣẹ́ Apple ti gbé púrósẹ́sọ̀ M1 tirẹ̀ jáde ni kọ̀ǹpútà wọn ti di ẹni tí a mọ̀ sí kì-í-tètè-rẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, bátìrì rẹ̀ kò sì rọrùn láti pààrọ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a kí ó rà á. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó má torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ìkẹta, ẹ wo inú rẹ̀. Ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tí a ń pè ní SSD kò ní ohun tí ń yí nínú rẹ̀ bíi ti háàdì dísíkì àtijọ́. Kì í jẹ iná púpọ̀, ó yára, bí a bá sì jàn án mọ́lẹ̀ nínú mọ́tò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kì í tètè bàjẹ́. SSD pẹ̀lú RAM 8 GB tó fún iṣẹ́ gbogbo tí ẹ̀ka wa lè gbé lé wa lọ́wọ́. Ní ti kíkọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn, kò sí kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí tí kò lè ṣe é bí a bá fi ètò ìtẹ̀wé Yorùbá sí i, ètò bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Òǹtajà tí ó bá bu owó lé kọ̀ǹpútà nítorí pé ó lè kọ Yorùbá, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣe sí i.

Ìkẹrin, ẹ má fojú di tòkunbọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó kún Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ọ́fíìsì ìlú òyìnbó ni wọ́n ti lò ó wá. Irú wọn bíi ThinkPad, Latitude àti EliteBook, wọ́n ṣe é kí ó lè farada iṣẹ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń tún un ṣe. Lójú tèmi, tòkunbọ̀ gidi kan sàn ju tuntun aláwọ̀ mèremère tí kò lè rí ìrọ̀lẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti gbó nínú tòkunbọ̀ ni bátìrì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Òǹtajà yóò ní wákàtí mẹ́fà ni, yóò fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra. A kò nílò ìbúra. Bí ó bá jẹ́ Windows ni ó wà lórí rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ sì ṣí ìwé tí ó bá kọ. Ẹ wá Design Capacity, ìyẹn ni ìwọ̀n bátìrì ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wá Full Charge Capacity, ìyẹn ni ìwọ̀n tí ó lè gbà nísinsìnyí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí èkejì jẹ́ 30,000, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù. Wákàtí 5 ti di wákàtí 3. Bí ohun tí ó kù bá ti wá sílẹ̀ ju ìdá 80 lọ, ẹ fi dúnàádúrà. Bí ó bá wá sílẹ̀ ju ìdá 60 lọ, kí ẹ ka owó bátìrì mìíràn mọ́ iye tí ẹ ń rà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ẹ kọjá síwájú. Ìyá tí ó ń ra ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà a máa bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ wò kí ó tó sanwó. Òǹtajà tí kò bá jẹ́ kí á bu tirẹ̀ wò, ó mọ ohun tí ó wà nínú àpò.

A ti rà á wàyí, ó ku ìtọ́jú. Ibi yìí ni àhesọ ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí á lò ó títí yóò fi kú pátápátá kí á tó fi iná sí i. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, bátìrì nickel-cadmium ni wọ́n ń torí rẹ̀ sọ ọ́. Ti lithium-ion yàtọ̀. Ebi àpajù ń ṣe é ní jàǹbá, àyóyíbí náà ń ṣe é ní jàǹbá, pàápàá bí ooru bá kún un. Bí a bá lè máa gbé e láàárín ìdá 20 sí ìdá 80, yóò pẹ́. Ọ̀pọ̀ bátìrì kọ̀ǹpútà ni ó ń lo nǹkan bí ìyípo 300 sí 500 kí ó tó wá sí nǹkan bí ìdá 80. Ìyípo kan kì í ṣe ìgbà tí a ti wáyà bọ ihò. Bí a bá lo ìdajì lónìí tí a kún un, tí a lo ìdajì lọ́la tí a tún kún un, ìyípo kan ni méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí iná díẹ̀ kí ó gbà á, kò pa bátìrì rẹ̀ lára.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò tí a lè fi sọ fún un pé kí ó má gbà ju ìdá 80 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí iná wà ni a jókòó sí tọ̀sán tòru, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí a óò jáde lọ sí oko ìwádìí, ẹ yọ ìdíwọ́ náà kúrò kí ó kún dé ẹnu. Bátìrì ni a rà láti lò, a kò rà á láti máa bọ ọ́ bí òrìṣà.

Ọ̀tá bátìrì tí ó burú jù ni ooru. Ẹni tí ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí ti dí i nímú, nítorí abẹ́ ni ó ti ń mí. Ẹni tí ó fi í sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa ń sè é ni. Eruku ọyẹ́ a máa dí fáànù rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa fọn ọ́n nù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ti ṣájà, ẹ wo ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ 100 sí 240 V sí lára. Iná tí ó rẹlẹ̀ kì í sábà pa á. Èyí tí ó ya wọlé lójijì pẹ̀lú agbára nígbà tí NEPA bá ń dá iná padà ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ yọ wáyà, bí ó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó fara balẹ̀. Ní àsìkò ìsinmi gígùn, ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ lófìfo, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní kíkún. Ẹ fi ìdajì sí i, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé e sí ibi tútù. Bí bátìrì bá wú bí àkàrà inú epo, kò sí ètùtù mọ́. Ẹ má lò ó, ẹ má gún un, ẹ má jù ú sínú iná, ẹ gbé e tọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ.

Lílò pẹ̀lú ọgbọ́n tún wà. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, nítorí ibẹ̀ ni iná púpọ̀ ń bá lọ. Ẹ pa Wi-Fi bí ẹ kò bá lò ó. Ẹ ti àwọn ojú ewé tí ẹ ṣí sílẹ̀ láti ìjẹta. Bí ẹ bá fẹ́ ra pawa báǹkì tí yóò ràn án lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé èyí tí ó bá jẹ́ 20,000 mAh ní 3.7 V, 74 Wh ni nínú ìwé, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò sì dé inú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá ní ihò USB-C tí ó lè tu wáàtì 45 tàbí 65 jáde, fóònù ni ó lè bọ́, kò lè bọ́ kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọ́n ní ìjọba ni ó yẹ kí ó pèsè iná, pé ẹni tí ó bá ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣún bátìrì lò ń kọ́ wa láti fara mọ́ ìyà ni. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ wa ni iná, kí á má sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Ó ṣe é ṣe pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó iná oòrùn kan ní Yunifásítì Bayero ní Kánò. Bí ó bá ṣe é ṣe ní Kánò, ó ṣe é ṣe níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ń pa ní àárín ọjà kò ní dúró títí wọn yóò fi kan òrùlé ọjà tuntun kí ó tó wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Ọjọ́ tí a óò fi àpilẹ̀kọ sílẹ̀ kò ní dúró de ìjọba.

Àwọn mìíràn ní fóònù ti tó. Fóònù dára fún gbígba ohùn sílẹ̀ àti fún kíkà. Ẹni tí ó bá ti fi fóònù da oríkì ojú ewé ogún kọ rí, tí ó ń wá àmì ohùn lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í bóyá ó tún fẹ́ ṣe é. Àwọn àgbà olùkọ́ wa kan sì máa ń rán wa létí pé ọwọ́ ni àwọn fi kọ tiwọn, lábẹ́ fìtílà. Òótọ́ ni, a sì kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fìtílà wọn, kẹrosíìnì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tàn án. Bátìrì ni kẹrosíìnì tiwa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀, kí á fi bí wọn yóò ṣe yẹ bátìrì wò hàn wọ́n, kí wọ́n tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí á yan ẹni méjì tí ó mọ̀ ọ́n tí yóò máa bá wọn lọ sí ọjà. Kí ẹ̀ka wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí ó ní ihò iná púpọ̀, pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì oòrùn mélòó kan lórí òrùlé rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ti wá gba iná. Bí mo ti fi ìṣirò hàn lókè, 50 Wh ni ẹnìkan nílò. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ju yúníìtì kan péré lọ, pẹ̀lú díẹ̀ tí yóò ṣòfò, kí kọ̀ǹpútà gbogbo wọn tó kún. Kò sí ẹ̀ka tí ìyẹn pọ̀ jù fún.

N ó dánu dúró níbí. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó mú bíírò àti ìwé kékeré dání, kí ó kọ nọ́ńbà méjì tí mo dárúkọ yẹn sílẹ̀ kí ó tó tú owó jáde. Àwọn àgbà ṣì ń dúró dè wá ní abúlé, ohùn wọn kò sì ní dúró títí láé. Ẹ jẹ́ kí ohun tí a ó gbé lọ bá wọn jẹ́ èyí tí yóò bá wa kalẹ́.